Ọdún Méjì Kí Yunifásítì Tó Dé: Atọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́

Orí ìwé yìí wà fún ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó wà ní seconde, première tàbí terminale, tí orí rẹ̀ pé nídìí ìwé, ṣùgbọ́n tí agbára òbí rẹ̀ kò ká àti rán an lọ sí òkè òkun. Ó wà fún òbí náà pẹ̀lú. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: bourse tí wọ́n ń fún ọmọ kí ó tó wọ yunifásítì kì í sábà ju ọdún méjì lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti béèrè nípa ọdún kẹta kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ọdún kìíní.

Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun ní ìlú wa. Ní 1960, Paulin Hountondji yege bac ní Lycée Victor Ballot ní Porto-Novo, ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní Lycée Béhanzin lónìí. Nígbà tó dé Párís, kíláàsì ìmúrasílẹ̀ ní Lycée Henri-IV ló kọ́kọ́ jókòó sí kí ó tó wọ École normale supérieure. Ní 1966 ó gba agrégation nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo Áfíríkà mọ̀, ó sì padà wá darí Centre africain des hautes études ní Porto-Novo níbí. Irú ọdún ìmúrasílẹ̀ tó lò ní Henri-IV yẹn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé: ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kàwé ní ibi tí òun àti àwọn olórí pípé láti ibòmíràn yóò ti jọ figa gbága.

Àwọn ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀

*UWC (United World Colleges).* Ilé-ẹ̀kọ́ 18 ló ń jẹ́ orúkọ yìí káàkiri ayé. Atlantic College ní Wales ni àkọ́kọ́ nínú wọn, ó ṣí ní 1962. Èyí tó wà ní Áfíríkà ni Waterford Kamhlaba ní Eswatini àti UWC East Africa ní Tanzania. Ọ̀kan wà ní Íńdíà, UWC Mahindra, lórí òkè kan nítòsí ìlú Pune. Ó ṣí ní 1997. Ọmọ ọdún 16 sí 19 ni wọ́n ń gbà fún ọdún méjì, ìdánwò tí wọ́n sì ń ṣe ní ìparí ni International Baccalaureate, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní IB. Ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń yan ọmọ. Èyí túmọ̀ sí pé o lè máa retí Norway kí wọ́n sọ pé Íńdíà lo ń lọ. Bí ọkàn rẹ kò bá gba ìyẹn, má wulẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù.

*African Leadership Academy.* Johannesburg ló wà, ní àdúgbò Honeydew. Fred Swaniker, ọmọ Gánà, àti Chris Bradford ló dá a sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé ní 2008. Ọdún méjì ni òun náà, ọmọ ọdún 16 sí 19 láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ń wá. Yàtọ̀ sí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ nípa Áfíríkà àti bí a ṣe ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé ló ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama nílé tẹ́lẹ̀.

*Classes préparatoires ní Faransé.* Lẹ́yìn bac ni èyí, ọdún méjì tó le bí ojú ẹja kí o tó dán École Polytechnique tàbí École normale supérieure wò. Campus France ní Kútọnu ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Bourse Excellence-Major lè san owó rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Faransé lẹ́yìn odi, irú Montaigne ní Kútọnu, ló wà fún. Ọmọ Lycée Béhanzin kò sí nínú ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da bourse ICCR ti ìjọba Íńdíà pọ̀ mọ́ àwọn wọ̀nyí. Bourse yunifásítì ni ICCR. Lẹ́yìn bac lo lè béèrè rẹ̀, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í sanwó fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún bàbá rẹ pé ICCR yóò gba ọmọ seconde, ó fẹ́ jẹ owó rẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ Íńdíà pàápàá ń wá irú ọ̀nà yìí jáde kúrò nílé tiwọn. Singapore ní SIA Youth Scholarship fún ọmọ Íńdíà tó bá ṣe dáadáa ní kíláàsì kẹwàá: ọdún méjì ní Singapore, wọ́n á sì ṣe GCE A-Level. Lẹ́yìn A-Level, bourse náà parí, ọmọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó yunifásítì. Bó ṣe rí níbẹ̀ náà ló rí fún ọmọ Àjàṣẹ́.

Ṣé kí n fi bac sílẹ̀?

Kò sí ìpinnu tó le tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, àwọn òbí kì í sì í sábà ronú sí i títí ọmọ á fi gba lẹ́tà. Ọdún méjì IB dọ́gba pẹ̀lú première àti terminale wa. Bí o bá lọ lẹ́yìn seconde, o ò ní jókòó ṣe bac Bẹ̀nẹ̀. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, kò sí wàhálà, nítorí yunifásítì Faransé, Kánádà, Gánà àti Amẹ́ríkà mọ IB dáadáa. Ṣùgbọ́n ká ní àìsàn gbé ọ wálé ní àárín ọdún kejì. O ò ní bac, o ò sì ní IB. BEPC nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ.

Ìmọ̀ràn wa rèé:

— Bí o bá wà ní terminale, ṣe bac rẹ tán kí o tó lọ. Ọjọ́ orí ni kí o máa ṣọ́, nítorí ẹni tó bá ti kọjá ọdún 19 kò ní àyè mọ́.

— Bí o bá wà ní seconde tàbí première, tí o sì fẹ́ lọ, gba certificat de scolarité àti gbogbo bulletin rẹ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kí o tó kúrò, kí o fi ẹ̀dà wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ òbí rẹ. Àwọn ni yóò jẹ́ kí o lè padà sí kíláàsì tàbí kí o ṣe bac gẹ́gẹ́ bí candidat libre bí ìrìn àjò bá dàrú.

— Lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ gíga, kí o béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe équivalence fún IB àti A-Level. Gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Ìdáhùn ẹnu kì í pẹ́ lọ́fíìsì. Ọ̀gá tó sọ ọ́ lè ti lọ sí ibòmíràn kí o tó padà dé.

Ìbéèrè tí o gbọ́dọ̀ bi lẹ́tà bourse

Lẹ́tà tó ń sọ pé wọ́n ti gbà ọ́ máa ń dùn mọ́ni débi pé ènìyàn kì í kà á dé ìsàlẹ̀. Jókòó tì í pẹ̀lú òbí rẹ àti olùkọ́ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì wá ìdáhùn sí ìwọ̀nyí:

1. Ìdá mélòó nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san? Ní UWC, bí agbára òbí bá ṣe mọ ni wọ́n ṣe ń pín owó, nítorí náà wọ́n lè gbà ọ́ wọlé kí wọ́n sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún òbí rẹ láti san.

2. Ta ló ń san owó ọkọ̀ òfuurufú? Ṣé àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, àbí lọ́dọọdún?

3. Níbo ni ọmọ yóò wà nígbà ìsinmi, bí ilé ibùgbé bá tì? Tíkẹ́ẹ̀tì láti Pune wá sí Kútọnu kì í ṣe owó kékeré.

4. Ìbánigbófò ìlera wo ló wà? Ṣé ó kan eyín àti awò ojú?

5. Ta ló ń san owó físà, owó ìdánwò, àti owó ìnáwó ọwọ́ lóṣooṣù?

6. Àdéhùn wo ni ọmọ ń ṣe? African Leadership Academy, láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ti fẹ́ kí ọmọ tó bá lọ ka yunifásítì lókè òkun padà wá ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà. Àdéhùn wọn ìgbà náà ni pé owó tí wọ́n ná lórí ọmọ yóò di gbèsè bí kò bá padà. Ka ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tìrẹ gan-an.

7. Kí ló lè mú kí wọ́n gba bourse náà padà? Máàkì tó lọ sílẹ̀? Ìwà? Àìsàn?

8. Níbo ni àwọn tó jáde níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá wà báyìí, ta ló sì ń sanwó wọn?

Ìbéèrè kẹjọ ni baba gbogbo wọn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan kò bá lè dá ọ lóhùn, mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún méjì ìwọ nìkan ni yóò ku ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó jáde ní UWC ní ìdáhùn kan tó dára: láti 2000, ètò Davis United World College Scholars ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ ní àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tí iye wọn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n yunifásítì náà ni yóò kọ́kọ́ gbà ọ́ wọlé. Ètò Davis kò lè gba ilẹ̀kùn ṣí fún ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó.

Gẹ̀ẹ́sì: àǹfààní wa àti ibi tó ti ń tàn wá

Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí Èkó, kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá ní Badagry, ní Mushin tàbí ní Agége, a sì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà láti kékeré. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ọmọ rò pé òun ti gbọ́ ọ tán. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ná owó aṣọ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń kọ àròkọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ìtàn.

Bí o bá ṣì ní ọdún kan níwájú, ṣe báyìí. Ní kí ẹbí rẹ ní Èkó bá ọ ra ìwé ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì tí àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ń lò ní Nàìjíríà, àti ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá. Ohun tó wà nínú wọn kò jẹ́ tuntun sí ọmọ série C tàbí D. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sọ ọ́ ló máa jẹ́ tuntun, ìyẹn gan-an lo sì ń wá. Ṣe ìṣirò márùn-ún lójúmọ́ nínú ìwé náà. Àmì pàápàá yóò yí padà: níbi tí a ń kọ 3,5, wọ́n ń kọ 3.5, ohun tí a ń pè ní milliard, billion ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí kò mọ èyí lè sọ máàkì nù nínú ohun tó mọ̀ dunjú.

Kọ ojú ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò rẹ, kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ fi pẹ́ńsù pupa kà á. Bí ìsinmi bá dé, lọ lo oṣù kan ní Èkó, kí o sì bẹ ẹbí rẹ pé kí wọ́n má fi Faransé tàbí Yorùbá dá ọ lóhùn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Má sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì mú ọ sọ ohun tí o ní nù. IB gba ọmọ láàyè láti ka lítíréṣọ̀ Faransé gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó sì gba ìwé-ẹ̀rí elédè méjì. Ó tún fàyè sílẹ̀ kí ọmọ ka lítíréṣọ̀ èdè abínibí rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fọwọ́ sí i. Béèrè bóyá wọn yóò gbà ọ́ láàyè láti ka Yorùbá. Béèrè ní kùtùkùtù, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí IB ṣáájú.

Ìwé-ẹ̀rí, orúkọ àti máàkì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé tí kò bá gún ní Àjàṣẹ́ kò lè gún ní Johannesburg.

Orúkọ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ìlànà Faransé la fi ń kọ orúkọ Yorùbá níhìn-ín, bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà kọ́ nìyẹn. Adéchina níhìn-ín, Adesina ní Èkó; Olouwafèmi níhìn-ín, Oluwafemi níbẹ̀; Ogoundélé níhìn-ín, Ogundele lọ́hùn-ún. Bí ìwé ìbí rẹ bá ń sọ ọ̀kan, tí bulletin ń sọ èkejì, tí ìwé ìrìnnà sì ń sọ ẹ̀kẹta, ọ́fíìsì físà yóò kà ọ́ sí ènìyàn mẹ́ta. Wo bí ó ṣe wà lórí ìwé ìbí tí ANIP, ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ìdánimọ̀ ènìyàn, fi ẹ̀rọ ṣe, kí o sì mú un gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ níbi gbogbo, ìbáà jẹ́ lórí fọ́ọ̀mù tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní Èkó ń bá ọ kọ. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé ìbí, bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ lónìí, kí o tó béèrè ìwé ìrìnnà. Ọjọ́ ìbí náà nílò ìṣọ́ra: 03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin fún wa, àwọn ará Amẹ́ríkà á sì kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Kọ orúkọ oṣù sílẹ̀ ní kíkún.

Ìtumọ̀ ìwé láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ògbufọ̀ tí ilé-ẹjọ́ mọ̀. Máa tọ́jú ojúlówó sílé, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́.

Máàkì ni èyí tó máa ń pa ọmọ wa lára jù, wọn kì í sì í mọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, 10 nínú 20 ni àṣeyege, 12 ni assez bien, 14 ni bien, 16 ni très bien. Ọmọ tó bá ní 14 ní Lycée Toffa 1er lè wà lára àwọn tó ń ṣíwájú kíláàsì. Ẹni tó jókòó sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní 95 nínú 100 lè rí 14 nínú 20 kí ó ka á sí 70, kí ó sì rò pé ọmọ àárín ni ọ́. Ní kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ kọ lẹ́tà kúkúrú tó ṣàlàyé ìlànà máàkì wa, ipò rẹ nínú kíláàsì, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, àti máàkì tó ga jù lọ. Lẹ́tà ojú ìwé kan péré ni, ó sì lè yí ọ̀rọ̀ padà.

Àròkọ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Wọn yóò ní kí o kọ nípa ara rẹ. Ibí ni ẹ̀kọ́ ilé máa ń dí ọmọ Yorùbá lọ́wọ́, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé kí o má yin ara rẹ. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí o sọ ohun tí o ṣe, kí o má sọ irú ènìyàn tí o jẹ́. “Mo jẹ́ aṣáájú” kò sọ nǹkan kan. “Mo kó ọmọ mẹ́jọ jọ ní Ouando, à ń ṣe ìṣirò pọ̀ ní ọjọ́ Satide, mẹ́fà nínú wọn yege BEPC” sọ ohun gbogbo, kò sì sí ìgbéraga nínú rẹ̀. Bí o bá ti kọ́ iṣẹ́ oko ní Centre Songhaï, tí o bá ìyá rẹ ta ọjà ní Adjarra, tí o ń bá ìyá àgbà rẹ ka ìwé oògùn rẹ̀ nítorí pé kò mọ Faransé, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kí o kọ. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ti ka “mo fẹ́ yí Áfíríkà padà” títí ó fi sú u.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sábà máa ń fi àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ kan. Wọ́n ń wo ẹni tó ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Wo ojú ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Nílé, wíwo àgbà lójú lè dà bí àìlẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ẹni tó ń wo ilẹ̀ ni wọn yóò rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Bí o kò bá mọ ìdáhùn, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sì sọ bí o ṣe máa wá a.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gidi tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́bàá ọ̀nà tàbí sí orí fóònù aládàáni. Owó yòówù tí wọ́n bá ní kí o san, wá a lórí ojú-ìwé ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, má san án, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń lọ sí mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ló wá gbà á.

Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó kọjá ẹnubodè

Nítorí àwọn tó ń kó ọmọ ṣòwò, Bẹ̀nẹ̀ ní òfin 2006-04 ti Oṣù Kẹrin 2006 lórí ìrìn àjò àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ tó bá ń jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè láìsí òbí rẹ̀ nílò ìwé àṣẹ. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní mairie, kí wọ́n sì tọ́ ẹ sọ́nà ibi tó kù. Òbí méjèèjì ni kí ó fọwọ́ sí i. Bí bàbá bá ti kú tàbí tí ó wà ní Gabon, ẹ wá ìwé tó ń jẹ́rìí sí ìyẹn ṣáájú, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí o tó dé Íńdíà tàbí Gúúsù Áfíríkà, káàdì ofeefee sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, kò gbọdọ̀ wọnú ẹrù. Láti 2016, káàdì náà kì í kú mọ́. Ẹni tí kò ní in, Íńdíà lè dá a dúró sí àyè ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà.

Ní ti físà, kọ́kọ́ wá mọ ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọmọ Bẹ̀nẹ̀: ó lè jẹ́ Kútọnu, ó sì lè jẹ́ Èkó tàbí Abuja. Fi owó ọkọ̀ àti ilé ìsùn sínú ìṣirò rẹ.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Ní Íńdíà, ẹni tí físà ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju ọjọ́ 180 lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FRRO, ọ́fíìsì tó ń forúkọ àwọn àjèjì sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 14 tó bá dé. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o rán wọn létí. Àsìkò òjò ńlá lo máa bá níbẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ. Mú bàtà tó lè gbẹ kíá. Oúnjẹ láìsí ẹran wọ́pọ̀, ata kò sì ní ṣe ọ́ ní nǹkan. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣáájú tiwa, nítorí náà bí ìyá rẹ bá pè lẹ́yìn ìṣáà, ọ̀gànjọ́ ti lé lọ́dọ̀ rẹ.

Johannesburg wà lórí òkè tó ga ju 1,700 mítà lọ, òtútù Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje níbẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ wa. Mú aṣọ òtútù kan, kí o ra ìyókù níbẹ̀.

Ìyàlẹ́nu tó tóbi jù yóò ti inú kíláàsì wá. Kò sí ẹni tí yóò pe ẹ̀kọ́ kí o máa dà á kọ mọ́. Olùkọ́ yóò béèrè èrò rẹ, yóò sì retí kí o bá òun jiyàn. IB ní àròkọ ìwádìí tó tó ọ̀rọ̀ 4,000, ìwọ fúnra rẹ ni yóò yan kókó rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà lo máa kà, mẹ́ta ní ìpele gíga. 45 ni máàkì tó ga jù. Máàkì rẹ lè lọ sílẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Lọ bá olùkọ́ lọ́sẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀, má fi ìtìjú dúró de ìparí sáà. Níbẹ̀, wọ́n ń ka bíbéèrè ìrànlọ́wọ́ sí ọgbọ́n.

Ẹ̀yin òbí

Ẹ má sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ ti lọ sí òkè òkun kí ó tó gba físà. Ẹ má sì fi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe ẹni tí yóò máa fi owó ránṣẹ́. Owó ìnáwó ọwọ́ tí wọ́n ń fún un, ọṣẹ àti ìwé ló wà fún. Bí ó bá pè tó ń sunkún ní oṣù kejì, ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ má tètè sọ pé kí ó máa bọ̀ nílé, ẹ má sì sọ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá irú àǹfààní náà. Ẹ bi í pé ta ló ti bá sọ̀rọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ ní nọ́ḿbà ẹni tó ń mójú tó ilé ibùgbé rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì wá ẹni tó lè bá yín sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i.

Ọdún kẹta bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kìíní

Fọ́ọ̀mù yunifásítì kì í dúró de ìdánwò ìparí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì ni wọ́n ń kọ ọ́, nítorí náà máàkì ọdún kìíní rẹ ni wọ́n máa fi dá ọ lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹta tí o bá débẹ̀, jókòó pẹ̀lú olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, kí o sì kọ ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀: èyí tó wù ọ́ jù, èyí tó ṣeé ṣe, àti èyí tí o lè padà sí nílé bí méjèèjì bá kùnà. Fún ọ̀nà kẹta yìí, ìwé équivalence tí o ti béèrè kí o tó kúrò ní Àjàṣẹ́ ni yóò gbà ọ́ sílẹ̀, àti bac, bí o bá ti ṣe é.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí kò ju mẹ́ta lọ, kò sì sí èyí tó gba owó púpọ̀ nínú wọn. Gbé ìwé ìbí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ bulletin rẹ, kí o wò bóyá orúkọ méjèèjì bá ara wọn mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ka ọjọ́ orí rẹ, kí o mọ oṣù tí o máa pé ọdún 19. Lẹ́yìn náà, lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, kí o bẹ̀ ẹ́ fún lẹ́tà lórí ìlànà máàkì. Fọ́ọ̀mù lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.